Ọ̀rá Tó Kù Sára Rọ́bà

Ojúlé Kọkànlá,
Sangisa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Magodo,
Èkó.
Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹwàá, 2006.

Keziah, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ méjèèjì. Mo nírètí pé àlàáfíà lẹ wà ní Ìlaròó, pé ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ti fúyẹ́, àti pé ilé-ìwé tuntun tí wọ́n gbé ọ lọ kò jìnnà sílé jù. Kí Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí má ṣe jẹ́ kí ìròyìn òjijì wọ agbo ilé yín. Bí o bá fẹ́ mọ̀ nípa tèmi, ojú abẹ ti jinná. Mo ń jẹun, mo sì ń sùn díẹ̀díẹ̀.

Mo mọ̀ pé o ti pè mí títí. Mò ń rí nọ́ńbà rẹ lórí fóònù, mi ò kàn gbé e ni. Má bínú. Bí mo bá gbé fóònù sétí, ọ̀rọ̀ kì í jáde lẹ́nu mi. Adéníran ní òun ti sọ fún ọ pé mo bí obìnrin, pé oṣù rẹ̀ kò pé, pé ọsibítù la wà. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìyókù ni mo fẹ́ kọ síbí yìí, torí pé bí mo bá ń kọ ọ́, kò sẹ́ni tó ń wo ojú mi láti mọ̀ bóyá mò ń sunkún tàbí mi ò sunkún.

Ọjọ́ Ajé kan lóṣù Keje ni. Mo wà níwájú àwọn ọmọ Primary Four ní ilé-ìwé wa ní Ikosi, mò ń kọ nǹkan sójú pátákó, ni lẹ́tà tí mò ń kọ bá di méjì méjì lójú mi. Orí ti ń fọ́ mi láti ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹsẹ̀ mi ti wú débi pé sílípáàsì Adéníran ni mo wọ̀ lọ síṣẹ́. Ọ̀gá wa obìnrin fi mọ́tò ara wọn gbé mi lọ sí ọsibítù kan ní Ogudu, níbi tí mo ti forúkọ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi wo ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì sáré jáde. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀. Wọ́n ní bí wọn ò bá tètè gbé ọmọ jáde, àti èmi àti ọmọ la máa bá a lọ. Oyún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ oṣù méje. Adéníran dé, ó fọwọ́ síwèé, wọ́n gbé mi wọlé.

Nígbà tí mo lajú, fáànù òkè àjà tí kò yí ni mo kọ́kọ́ rí. Adéníran di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Jọkẹ́, obìnrin ni. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó wà láàyè.” Mo ní, “Ó dáa.” Ó ní ṣé kí wọ́n fi àga onítáyà gbé mi lọ wò ó. Mo ní rárá. Ó rò pé ojú abẹ ló ń dùn mí. Ojú abẹ kọ́. Keziah, ìwọ lo bá mi ká aṣọ ọmọkùnrin tí mo bí ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. O mọ ojú tí mo fi wò ó fún gbogbo ọjọ́ méjì tó lò láyé. Ojú yẹn ni mi ò ní mọ́. Kì í ṣe pé mo kórìíra èyí. Mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá sùn lé apá ara rẹ̀, tó jí, tó wá ń wo apá náà bíi pé ti ẹlòmíràn ni.

Wọ́n dá mi sílẹ̀, wọ́n dá ọmọ dúró. Èmi àti àpò aṣọ mi la padà sí Sangisa. Ìyá ọkọ mi ti dé láti Àgọ́-Ìwòyè, wọ́n ti gbá gbogbo ilé, wọ́n ti gbé omi gbígbóná kaná. Wọ́n kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n dúpẹ́ pé ẹ̀mí mi ò lọ sí i. Ní ọjọ́ kẹjọ, pásítọ̀ wá, àwọn ará ilé díẹ̀ wá, wọ́n sì sọ ọmọ tí kò sí nílé lórúkọ nínú pálọ̀ wa. Wọ́n pè é ní Ọpẹ́. Mo wà ní yàrá, mò ń gbọ́ àmín wọn láti ẹ̀yìn ògiri.

Ṣùgbọ́n ọyàn mi kò bi mí léèrè bóyá mo fẹ́. Ó kún, ó le gbagidi, ó ń jò sí mi láṣọ. Wọ́n ti kọ́ mi lọ́sibítù bí mo ṣe máa fi ọwọ́ fún un sínú ike tí wọ́n ti sè. Mo ń fún un torí pé ó ń dùn mí, àti torí pé Adéníran máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá pẹ̀lú kúlà kékeré tí yìnyín wà nínú rẹ̀. Kò rọ̀ mí, kò bẹ̀ mí. Ó kàn máa ń dúró. Màá gbé ike lé e lọ́wọ́, á gbé e gba Ogudu kó tó lọ síṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rẹ̀, á tún gbé òmíràn lọ nírọ̀lẹ́. Ìyá rẹ̀ ń po ẹ̀kọ gbígbóná fún mi. Wọ́n á ní, “Mu ún tán, ìyàwó mi. Ẹ̀kọ ló ń pe omi ọyàn wá.” Màá mu ún tán. Ẹ̀kọ ń wọlé, omi ọyàn ń jáde, Adéníran ń gbé e lọ. Mi ò bi í léèrè rí pé báwo ni ọmọ. Òun ló máa ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀: ó lajú lónìí, ó na ẹsẹ̀, wọ́n ti yọ afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi sí i nímú. Màá ní, “Ó dáa.”

Nígbà tó yá, kò sọ nǹkan kan mọ́. Ó máa ń dé, á gbé kúlà kalẹ̀, á bọ́ bàtà, á jókòó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń bi í ní pálọ̀ pé ṣé ọmọ ń sanra. Ó ní, “Màámi, kò sanra. Bó ṣe wọ̀n lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, kò tíì padà síbẹ̀. Gbogbo ohun tí mò ń gbé lọ ni wọ́n ń fún un, mo dúró tì wọ́n, mo rí i. Awọ ara ẹ̀ ṣì ń hunjọ ni.” Mi ò jáde. Mo yí ìrọ̀rí sódì kejì, mo sì rò ó nínú mi pé, bó ṣe máa ń rí nìyí.

Ní ọjọ́ kejì, mo bá ìyá ọkọ mi ní kíṣìnì. Wọ́n ti kán omi ọyàn mi díẹ̀ sínú àwo, wọ́n ju èèrà kan sí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń wò ó, bí àwọn àgbà ṣe máa ń dán ọyàn wò láyé ìgbà tiwọn. Èèrà náà wẹ̀ wẹ̀ wẹ̀, ó gun etí àwo, ó bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí mi, ojú sì tì wọ́n gan-an. Wọ́n ní, “Ọyàn rẹ dára, ìyàwó mi. Èèrà ò kú. Dákun, má bínú sí mi.” Mi ò bínú. Mo bu omi tí mo wá bù, mo padà sí yàrá. Ìgbà tí mo jókòó ni mo tó rò ó pé obìnrin mìíràn ì bá ti bínú.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ni Adéníran dé lọ́sàn-án gangan, nígbà tó yẹ kó wà níbi iṣẹ́. Táì rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní dókítà àgbà tó ń tọ́jú àwọn ọmọ ìkókó, Dókítà Oyèbámijí, ti dé láti ibi ìsinmi, wọ́n sì ti dúró ti ọmọ náà láàárọ̀ yẹn láti ìgbà tí oúnjẹ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ títí tó fi parí. Ó ní, “Jọkẹ́, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe omi ọyàn ẹ. Wọ́n ní ọ̀rá inú ẹ̀ ni kì í dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ara sìríńjì àti inú rọ́bà ló ń lẹ̀ mọ́. Omi ẹ̀ ló ń dé inú, ọ̀rá ń kù sọ́nà.”

Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ohun tó ṣe mí. Kì í ṣe àánú. Ó dà bí ìgbà tí o bá di ẹrù fún ẹnìkan pé kó bá ọ gbé e délé, tí wọ́n wá sọ fún ọ pé ìdajì ẹrù náà ṣì wà lójú títì. Mo dìde. Mo wọ síkẹ́ẹ̀tì, ó tóbi ní ìbàdí, mo fi pínnì há a. Adéníran ń wò mí. Ó ní, “Níbo?” Mo ní, “Gbé mi lọ. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i.” Ó rò pé ọmọ ni mò ń sọ. Ọ̀rá ni mò ń sọ.

Yàrá tí wọ́n kó àwọn ọmọ náà sí gbóná bí ẹ̀yìn ààrò. Wọ́n ní kí n wẹ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, wọ́n wọ̀ mí láṣọ ọsibítù. Àpótí gíláàsì mẹ́ta ló wà níbẹ̀, mi ò wò wọ́n. Dókítà Oyèbámijí wá pàdé mi. Obìnrin kúkurú kan ni wọ́n, wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa, jígí wọn wà lórí irun. Wọ́n ní, “Mummy Ọpẹ́, ẹ káàbọ̀. À ń retí yín.” Kò sí ìbáwí nínú ohùn wọn. Wọn ò fà mí lọ sídìí ọmọ. Ìdí ẹ̀rọ ni wọ́n mú mi lọ.

Ẹ̀rọ kékeré kan ni, tó ń ti ìdí sìríńjì díẹ̀díẹ̀ kí omi ọyàn lè máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú rọ́bà gígùn kan. Rọ́bà náà gba imú ọmọ wọlé títí dé ikùn rẹ̀, nítorí pé ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fa ọyàn, kó gbé e mì, kó tún mí. Sìríńjì náà dùbúlẹ̀ gbalaja lórí ẹ̀rọ. Dókítà yọ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tán, wọ́n gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Wọ́n ní, “Ẹ wò ó.” Mo wò ó. Ohun funfun kan tó fẹ́ pọ́n díẹ̀ bo inú ike náà lápá kan, bí ọ̀rá ẹran ṣe máa ń dì sára abọ́ tí wọn ò tètè fọ̀. Dókítà fi ìka kan án, ìka náà ń dán.

Wọ́n ní, “Bí ẹ bá gbé ọbẹ̀ kalẹ̀ fúngbà díẹ̀, ṣé òróró ẹ̀ kì í léfòó? Bẹ́ẹ̀ ni omi ọyàn náà ṣe rí. Bí a bá ní kó máa lọ díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí gígùn, ọ̀rá á gòkè, á lẹ̀ mọ́ ara ike, á lẹ̀ mọ́ inú rọ́bà. Èyí tó fúyẹ́ ló ń dé inú ọmọ. Ọ̀rá yẹn gan-an ló sì yẹ kó fi máa sanra. Ìdí tí a fi lo ẹ̀rọ ni pé inú ẹ̀ ò kọ́kọ́ gba oúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ó ti yẹ ká yí i padà kó tó di òní. Ẹ má bínú.”

Mo ní, “Ṣé tèmi nìyí?” Wọ́n ní, “Tiyín ni.” Mo gba sìríńjì náà lọ́wọ́ wọn. Mi ò mọ iye ìgbà tí mo ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, tí mo ń fún ọyàn títí ọrùn ọwọ́ fi ń ro mí. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo ti fún ọmọ yẹn láti ìgbà tí mo ti bí i. Òun ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo yíjú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò gùn ju àtàǹpàkò mi lọ. Awọ itan rẹ̀ ká jọ bí ìbọ̀sẹ̀ tó tóbi jù. Wọ́n fi pílásítà lẹ rọ́bà mọ́ ọn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì ń mí kíákíá bí ẹyẹ tí wọ́n dì mú. Mo dúró kí nǹkan dé bá mi. Àwọn tó wà níbẹ̀ náà dúró, mo mọ̀ pé wọ́n ń wò mí. Kò sí nǹkan tó dé. Mi ò purọ́ fún ọ rí, Keziah, mi ò ní fi èyí bẹ̀rẹ̀.

Dókítà ní àwọn máa pa ẹ̀rọ náà tì. Wọ́n á lo rọ́bà kúkurú. Wọ́n á yọ ọ̀pá ìdí sìríńjì kúrò, wọ́n á gbé ike rẹ̀ nàró ṣánṣán, wọ́n á da omi ọyàn sí i, kó fi ìwúwo ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ọ̀rá má ráyè jókòó sójú ọ̀nà. Wọ́n ní èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lára ìyá dára ju èyí tó ti wọ yìnyín lọ, àti pé èyí tó ń gbẹ̀yìn jáde nínú ọyàn lọ́ràá ju ti ìṣáájú, kí n máa yà wọ́n sọ́tọ̀, kí wọ́n lè máa fi ti ìgbẹ̀yìn fún un. Wọ́n wá ní, “Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọwọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ò tó. Ẹnìkan ní láti máa dì í mú sókè, tọ̀sán-tòru.” Adéníran la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Mo ní, “Èmi ni.”

Bí mo ṣe di ará ọsibítù nìyẹn. Yàrá kan wà fún àwọn ìyá ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, mo tẹ́ àtẹ́sùn mi sí abẹ́ fèrèsé. Nọ́ọ̀sì Dorothy, ọmọdébìnrin kan tó ń ti Ìṣẹ̀rí Olówóra wá, ló kọ́ mi. Ó ní kí n máa yí ike omi ọyàn po jẹ́jẹ́ kí ọ̀rá lè padà pò mọ́ ọn, kí n má gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Ó fi bí mo ṣe máa gbé sìríńjì ga tó hàn mí. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, omi ọyàn á dúró. Bó bá ga jù, á ya wọlé. Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Màá fún ọyàn tán, màá wẹ ọwọ́, màá dúró ti àpótí náà, màá gbé ọwọ́ sókè. Apá mi á kọ́kọ́ máa ro mí, nígbà tó bá yá á kú tipiri. Bí NEPA bá mú iná lọ, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ á sáré sídìí jẹnẹrétọ̀, èmi á dúró síbi tí mo wà, torí pé omi ọyàn ò nílò iná láti sọ̀ kalẹ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé kan mo gbé e ga jù. Bóyá oorun ló gbé mi, mi ò mọ̀. Omi ọyàn náà ya wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ náà na ọwọ́ méjèèjì, ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ bì, ó sì dákẹ́. Ètè rẹ̀ di aró. Ẹ̀rọ tó ń ka mímí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í han. Dorothy ti fò dé. Ó sọ sìríńjì náà kalẹ̀ kí omi ọyàn lè ṣàn padà, ó yí ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fi ìka gbá a ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó ń ní, “Ó yá, Ọpẹ́, mí. Mí, jọ̀ọ́. Mí fún mi.” Ọmọ náà mí. Àwọ̀ rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, omi ọyàn ń ṣàn lọ́wọ́ mi, mo sì bi Dorothy pé, “Ṣé kí n máa bá a lọ?” Ó ní, “Mummy, ẹ lọ jókòó ná.”

Ó wá bá mi lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn tí iṣẹ́ rẹ̀ parí, ó ti wọ aṣọ ilé. Mo rò pé ó fẹ́ sọ fún mi pé kí n má padà wọlé mọ́. Ó ní, “Mummy, mo ti rí ìyá tó sunkún tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú síbí yìí, ẹ̀yìn ìyẹn la ò rí i mọ́. Ẹ̀yin ń padà wá. Fún ọmọ náà, ìyẹn ṣì tó.” Ó fún mi ní ọsàn tó ti bó, ó sì lọ wọkọ̀. Mo mu ọsàn náà. Nígbà tí àkókò tún tó, mo wọlé, mo wẹ ọwọ́, mo gbé sìríńjì, mo rí i dájú pé kò ga jù.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni òṣùwọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í sún. Díẹ̀ ni, bíi pé èèyàn fi ewé lé e. Lọ́jọ́ kejì ó tún sún. Dókítà Oyèbámijí ní kí wọ́n tún un wọ̀n, wọ́n tún un wọ̀n, òun náà ló jẹ́. Adéníran ra mítípáì àti Fanta fún gbogbo àwọn nọ́ọ̀sì, ó ń bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́, títí kan ẹni tó ń fọ ilẹ̀. Ó wá jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní, “Inú ẹ ò dùn ni?” Mo ní, “Ó dáa.” Ó gbé ìgò Fanta rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, “Jọkẹ́, ‘ó dáa’ yẹn ti sú mi o. Láti oṣù Keje lo ti ń sọ ‘ó dáa’ fún mi. Tó bá kú, ṣé ‘ó dáa’ náà lo máa sọ?” Mo dìde, mo lọ wẹ ọwọ́. Ó bẹ̀ mí lọ́jọ́ kejì. Mo ní kò ṣẹ̀ mí, lóòótọ́ ni kò sì ṣẹ̀ mí.

Mi ò ní kọ gbogbo ìyókù, torí pé ọjọ́ kan ń jọ ìkejì ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ. Itan rẹ̀ kún awọ rẹ̀. Wọ́n gbé e jáde nínú gíláàsì, wọ́n ń gbé e lé mi láyà níhòòhò lábẹ́ aṣọ mi kí ara mi lè máa mú un móoru. Ó wúwo tó búrẹ́dì kékeré. Ní ọjọ́ kan, níbi tí mo gbé e sí bẹ́ẹ̀, tí omi ọyàn ń gba rọ́bà lọ sínú rẹ̀, ó yí orí, ó ń fi ẹnu wá nǹkan kiri, ó sì rí orí ọyàn. Ó fà á. Ó dùn mí wọ eegun. Dorothy pariwo pe àwọn yòókù wá wò ó. Mo wo orí rẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀, mo ń kà á bó ṣe ń gbé e mì.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni wọ́n ní ká máa lọ sílé. Ó ti lé ní kílò méjì, ó sì ti ń mu ọyàn fúnra rẹ̀. Dorothy tú pílásítà, ó rọra fa rọ́bà náà jáde nímú rẹ̀, ó sọ ọ́ sínú garawa ìdọ̀tí. Ọmọ náà sín. Ibẹ̀ ni nǹkan náà ti bẹ̀rẹ̀, Keziah. Mo gbá Dorothy lápá mú. Mo ní, “Má yọ ọ́. Dá a padà.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mummy, kò nílò ẹ̀ mọ́.” Mo ní báwo ni màá ṣe mọ iye tó wọ inú rẹ̀? Bó bá dákẹ́, ta ló máa rí i? Mo ti ń nawọ́ sínú garawa náà, ni ó bá gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, “Ẹ̀yin náà lẹ máa rí i.”

Láti Ogudu títí dé Sangisa, mo fi ẹ̀yìn ìka mi sábẹ́ imú ọmọ náà. Bí mímí rẹ̀ bá pẹ́ díẹ̀ kó tó kan ìka mi, màá ní, “Dúró!” Adéníran á yà sẹ́bàá títì, àwọn tó wà lẹ́yìn á máa fọn fèrè mọ́tò lé wa lórí. A máa wò ó. Ó ń sùn ni. A tún máa lọ. Kò bínú sí mi.

Nígbà tí a dé iwájú ilé, ó wá ṣílẹ̀kùn fún mi, ó sì rí ojú mi. Ó ní, “Kí ló dé? Ṣé ibi kan ń dùn ẹ́ ni?” Mo ní, “Ẹ̀rù ń bà mí. Ó lè kú. Ọmọ yìí lè kú, Níran.” Omi ń dà lójú mi sórí ṣọ́ọ̀lù ọmọ náà, mi ò lè dá a dúró. Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu géètì pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú, ó sì ń sunkún. Ìyá rẹ̀ sáré jáde láìwọ bàtà, wọ́n ti rò pé aburú ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n wo ọmọ wọn nílẹ̀, wọ́n wo èmi nínú mọ́tò, wọ́n wo ọmọ tó ń sùn. Wọn ò mọ ẹni tí wọn ì bá kọ́kọ́ rẹ̀ nínú wa.

Ẹ̀rù náà ṣì wà bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Yàtọ̀ sí òun, ọ̀pọ̀ nǹkan nínú mi ṣì sùn, mi ò sì mọ ìgbà tí wọn yóò jí. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀.

Ọlọ́run yóò bá ọ wo àwọn ọmọ rẹ. Oúnjẹ tí ẹ bá jẹ yóò di ẹran ara fún yín. Ẹ ò ní fi ọwọ́ òfo gbé ọmọ. Ilé yín kò ní ṣófo, ọ̀nà yín kò ní dí, ayọ̀ tí ẹ ń retí yóò sì bá yín nílé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti ìgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì,
Ìbíjọkẹ́.

Àfikún: Mo fẹ́ tún un kà kí n tó lẹ ẹ́ pa, kí n wo ibi tí mo ti ṣi àmì ohùn fi sí, torí mo mọ̀ pé wàá fi bírò pupa yí i po. Ṣùgbọ́n ó ti jí. Mò ń lọ.